Ohun Tí Wọ́n Gbé Ka Orí Tábìlì

Lóko wa nítòsí Glendive,
ohun tó bá ti dé orí tábìlì, jíjẹ ló kù.
Níhìn-ín, nílé aṣòfin Montana,
ohun tí wọ́n bá gbé ka orí tábìlì, ó ti kú nìyẹn.
A kì í sin ín, a kì í sunkún rẹ̀.
Èmi akọ̀wé ni mo máa ń kọ aago tó gbẹ́mìí mì
sí etí ìwé.

Níjọ́ tí àbá yìí wọlé, nọ́ńbà àti orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kà.
Ìkà kìíní nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.
Abẹnugan ní kó máa lọ bá Ìgbìmọ̀ Ìrìnnà
nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn,
níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń wúkọ́ láti oṣù kìíní.

Gbólóhùn kan péré ni:
Ọkọ̀ ojú irin tó bá dí títì gbọdọ̀ kúrò
kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé.

Arlene Skoglund wa mọ́tò fún wákàtí márùn-ún lórí yìnyín
láti etí odò Milk.
Alága Pruett ní, "Ìṣẹ́jú méjì, màdáámù."
Ó di tábìlì mú. Ó ní:
"Ilé wa wà ní gúúsù ojú irin.
Ilé ìwòsàn wà ní àríwá.
Ọkọ mi wà nínú áńbúláǹsì.
Wágùnù mẹ́rìnléláàádọ́fà ni.
Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì,
nítorí wọn ò lọ."

Ó sì dákẹ́.
Ìṣẹ́jú kan àti díẹ̀ ṣì kù fún un.
Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.
Fọ́ọ̀mù mi kò ní ìlà fún ìdákẹ́.
Mo kọ ọ́ pé: Ẹlẹ́rìí parí ọ̀rọ̀.

Ọkùnrin iléeṣẹ́ rélùwéè náà gba ìṣẹ́jú méjì tirẹ̀,
Thayer Quist, pẹ̀lú àwòrán aláwọ̀ mèremère márùn-ún.
Ṣùgbọ́n ìdáhùn sí ìbéèrè kì í wọ inú aago;
bí òfin wa ṣe wí nìyẹn.
Wọ́n bi í, ó dáhùn. Wọ́n tún bi í.
Ogún ìṣẹ́jú, omi ife rẹ̀ tán, mo bu òmíràn fún un.

Mẹ́sàn-án sí méje.
Orí tábìlì.
Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́ la ní ní ọdún méjì-méjì.
Àbá tí kò bá sọdá sí ilé kejì
kí ọjọ́ karùndínláàádọ́ta tó ṣú,
kó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀.
Aṣojú Leland Azure kò fẹ̀yìn lélẹ̀.
Mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtura, lẹ́bàá ìkòkò kọfí,
nínú yìnyín níbi ìgbọ́kọ̀sí, tó ń dá ọwọ́ lé èjìká ènìyàn.
Ní ọjọ́ kẹtàlélógójì wọ́n jí òkú náà dìde,
wọ́n ní kí n mú bírò.
Àtúnṣe kan ṣoṣo:
yọ "gbọdọ̀" kúrò, fi "lè" rọ́pò.

Ọkọ̀ ojú irin tó bá dí títì lè kúrò.

Ìkà kejì, àríyànjiyàn kékeré.
Ìkà kẹta, iná aláwọ̀ ewé bo ojú pátákó bí koríko oṣù karùn-ún.
Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún Azure. Kò dìde.

Fóònù dún ní ìrọ̀lẹ́.
"Ṣé ó sọdá?"
"Ó sọdá, mà."
"Bó ṣe wà gẹ́lẹ́?"
Ìwé náà wà níwájú mi. Lẹ́tà méjì péré.
Kí n tó la ẹnu, fèrè kan dún lọ́dọ̀ rẹ̀,
irin bẹ̀rẹ̀ sí í lọ irin.
Ó ní, "Dúró ná, ọkọ̀ ń kọjá."

A jọ dúró.
Mo ń gbọ́ ọ tó ń kà á
lábẹ́ èémí.